Wolé-wolé, Jáde-jáde

Bàámi, Bàámi tèmi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú ni òní, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ti jẹun, mo wá gbé àga kékeré tí ẹ máa ń jókòó lé tí ẹ bá fẹ́ kun bàtà yín wá síbi sàréè yín lábẹ́ igi ọsàn. Kòkòrò ti jẹ ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ àga náà, ó sì ń mì. Mo ní kí káfíńtà wá wò ó, Màmi ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ mọ̀ wọ́n. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn wọ́n rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti yọjú lójú fèrèsé láti bi mí pé kí ni mo ń kọ. Mo ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ni.

Irọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Bàámi, mo ti di wolé-wolé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ fi mí sílẹ̀, ìwé ni mo ń tẹ̀ ní káńsù, mo ń kun èékánná, n kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ṣáláńgá sétí. Ọdún kejì tí a sin yín ni mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó. N kò mọ ohun tó wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo jáde, wọ́n fún mi ní aṣọ kàkí, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ni orúkọ iṣẹ́ wa báyìí, pé kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wá ní wolé-wolé mọ́. Àwọn ará ìlú kò gbọ́. Bí mo bá ti yọ lójú ọ̀nà báyìí, àwọn ìyá á ti máa da omi ìkòkò wọn nù kí n má baà rí tanwíji nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún yín.

Ẹ rí Ìpínlẹ̀ Èkìtì kí ẹ tó lọ, ẹ kò rí i kí ìjọba alágbádá padà. Ó ti dé. A rò pé gbogbo nǹkan á rọ̀ wọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kan ní Òkè Ọya tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti Ìkọ̀lé títí dé Ìdó, kò sí àdúgbò tí kò ní ẹni tó lọ ṣòwò tàbí tó lọ ṣiṣẹ́ rélùwéè lọ́hùn-ún. Lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn sílẹ̀ lójú títì, tọmọtọmọ, ẹlòmíràn kò mú ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ. Àwọn tí ẹbí mọ̀ wọ́n wọ ilé ẹbí wọn lọ. Ó wá ku àwọn tí bàbá bàbá wọn ló ti lọ, tí ilé ẹbí wọn ti wó di koríko, tí kò sí arúgbó kankan tó lè sọ pé òun mọ ojú wọn. Wọ́n lé ní ogún ìdílé. A kó wọn sí inú kíláàsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, èyí tí ẹ máa ń wá yẹ ṣáláńgá rẹ̀ wò. Kí àwọn ọmọ tó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, a gbọ́dọ̀ wá ilẹ̀ tí a máa fi pákó àti páànù kọ́ ilé sí fún wọn títí wọ́n á fi lè dá dúró.

Ọ̀gá kan wà ní káńsù tó ń bójú tó ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló mú pápá ìsàlẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́bàá títì. Ó tẹ́jú. Lọ́rì lè dé ibẹ̀, odò kò jìnnà, àwọn èèyàn ńlá tó bá sì fẹ́ wá kí àwọn tó sá wálé kò ní da bàtà wọn láàmú. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé ibẹ̀ dára fún ìlera àwọn èèyàn.

Bàámi, inú mọ́tò ni mo jókòó sí tí mo fi wò ó. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pọ̀, mo yí gíláàsì sókè, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbé ìwé lé itan, mo sì fọwọ́ sí i. Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́ fún yín, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo lọ sí ilé-ìwé láti wo bí omi àti ṣáláńgá wọn ṣe rí. Ẹ rántí Ìyá Alákàrà tó wà lẹ́nu géètì? Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kan ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbó. Bó ṣe rí kàkí mi báyìí, ó pariwo pé wolé-wolé ti dé o, kí gbogbo ayé gbé ìkòkò wọn pamọ́. Bó ṣe máa ń ṣe fún yín náà ni.

Àwọn ọmọ tó sá wálé ń ṣeré lórí pápá ilé-ìwé, wọ́n pọ̀ gan-an. Kí n tó ṣẹ́jú, kò ku ẹyọ kan lójúde. Wọ́n ti sá wọ kíláàsì. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ti kọ́ eré Ìyá Alákàrà ni. Nígbà tí mo wọlé tẹ̀lé wọn, abẹ́ bẹ́ǹṣì ni mo bá wọn. Wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ bo orí. Kò sí èyí tó ń sunkún nínú wọn, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Obìnrin aránṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rúùtù ló wá bá mi. Yorùbá rẹ̀ dà bíi tiwa, ṣùgbọ́n Haúsá ló fi ń ba àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má bínú. "Wọn ò sá fún yín o. Wọ́n rò pé wọ́n ní kí wọ́n sá pamọ́ ni."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Lọ́jọ́ tí ìjà náà wọ àdúgbò wọn, àwọn àgbà ń sáré láti ilé dé ilé, wọ́n ń fi Yorùbá pe àwọn ọmọ kí ará ìta má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ: wọlé, wọlé. Haúsá ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń ṣeré láti kékeré. Nínú gbogbo Yorùbá, kò sí èyí tó wọ̀ wọ́n létí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Wolé-wolé ni Ìyá Alákàrà pè, wọlé-wọlé ni wọ́n gbọ́. Etí wọn kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń wo ilé àti ẹni tó ní kí a wọ ilé.

Orúkọ yín, Bàámi. Orúkọ tí gbogbo ìlú fi ń dẹ́rù ba ọmọ nígbà tiwa, òun ló tún lé àwọn ọmọ yìí wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì.

Mo jókòó sórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú kàkí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Rúùtù fúnra rẹ̀, ọmọ bí ọdún mẹ́fà, ló sún mọ́ mi jù. Mo tẹ orí ba, mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Jáde, ọmọ mi. Jáde." Ó ń wo ẹnu mi, ó ń wo kàkí. Kò jáde lọ́jọ́ náà.

Mo bi ìyá rẹ̀ pé irú ibo ni wọ́n máa fẹ́ kí a kọ́ ilé wọn sí. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ mi dáadáa. Kò sí ẹni tó tíì bi wọ́n. Ó ní ibi tó bá jìnnà sí títì ni, nítorí gbogbo ìgbà tí lọ́rì bá ti rọra ń dúró ni àwọn ọmọ ń lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó ní kí ṣáláńgá ní ìkọ́ tí obìnrin lè fi ti ara rẹ̀ mọ́ inú, kó sì wà níbi tí òun ti lè máa wo ọmọ òun láti ibi tí òun ti ń dáná. Kò sí ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Títì gan-an sì ni pápá ìsàlẹ̀ kọjú sí.

Mo ń padà sílé lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń gbé kiri láti kékeré wá yọ sí mi lọ́kàn. Mo wà ní kíláàsì kẹrin. Ẹ wá sí ilé-ìwé wa, ẹ da òróró Ìyá Alákàrà nù nítorí pé ó ti dúdú bí oje tábà, gbogbo kíláàsì sì ń kọrin fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí bóyá bàbá mi ni yín. Mo ní rárá. Mo ní àbúrò màmá mi ni yín, pé ẹ kàn wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ wà lẹ́yìn ògiri ṣáláńgá nígbà náà, mo rí téńté fìlà yín. Ẹ jáde, ẹ fi ọṣẹ tó máa ń rùn yẹn fọwọ́, ẹ kọjá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ bó ọsàn fún mi bí ẹ ṣe máa ń ṣe, tí èèpo rẹ̀ kò já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ kò sọ nǹkan kan. Ṣé ẹ gbọ́ mi, Bàámi?

N kò lè sùn dáadáa. Mo ń rò ó pé kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe ní pápá ìsàlẹ̀. Ohun kan tó dájú ni pé ẹ kò ní jókòó sínú mọ́tò, nítorí ẹ kò ní mọ́tò. Ẹ máa gbé kẹ̀kẹ́ yín ti igi, ẹ máa gbẹ́ ihò tó dé orúnkún, ẹ máa da garawa omi kan sí i, ẹ máa wá ibòòji, ẹ máa pa obì. Láti kékeré ni mo rò pé ẹ kàn fẹ́ràn obì ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ni mo dé kí ó tó yé mi. Wọ́n kó wa jáde, wọ́n ní kí a gbẹ́ ihò, kí a da omi sí i, kí a fi aago ka bó ṣe máa pẹ́ tó kí ilẹ̀ tó fà á mu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín àwọn èèyàn, tíṣà bi mí bóyá kò sí nǹkan. Obì yín ni aago yín. Aláwẹ́ mẹ́rin ni ẹ máa ń mú. Bí omi bá lọ kí ẹ tó jẹ awẹ́ kan tán, ẹ máa ń fajú ro, ẹ ní ilẹ̀ yìí ń sáré mu, pé ìdọ̀tí inú ṣáláńgá á yára dé kànga aládùúgbò. Bó bá lọ ní bí awẹ́ mẹ́ta, inú yín á dùn. Bí obì bá tán tí omi ṣì jókòó síbẹ̀, ẹ máa ń gbọn ṣòkòtò yín, ẹ ó dìde. "Ulẹ̀ yìí ti yó." Ohun tí ẹ máa ń sọ nìyẹn, kò sí ohun tí onílé lè sọ tí ẹ máa gbà mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo mú ọkọ́, garawa àti obì, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí pápá ìsàlẹ̀. Kí n tó gbẹ́ ohunkóhun, mo rí ihò akàn. Wọ́n pọ̀ lábẹ́ koríko létí pápá, àwọn agbábọ́ọ̀lù ti fi iyanrìn dí àwọn tó wà láàárín. Koríko náà tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo igbó yòókù ti pọ́n. Ẹ ti fi irú ibẹ̀ hàn mí rí lójú ọ̀nà oko, pé ibi tí akàn bá kọ́lé sí, omi kò jìnnà sísàlẹ̀. Mo gbẹ́ ihò mẹ́ta. Ilẹ̀ òkè le, ṣùgbọ́n bí mo ṣe dé orúnkún, amọ̀ ni, ó láwọ̀ bí eérú, ó ń fà mọ́ ọkọ́. Mo da omi sí i, mo jókòó, mo jẹ obì mi. Mo ń jẹ awẹ́ kẹrin, omi ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Mo dá sọ ọ́ síta pé ulẹ̀ yìí ti yó. Ohùn yín ló jáde lẹ́nu mi.

Bàámi, ẹ̀rù bà mí. N kò fẹ́ bò ó. Ìwé tí mo fọwọ́ sí ti lọ sí Adó. Pákó ti fẹ́ dé. Bí mo bá ní ibẹ̀ kò dára, wọ́n máa bi mí pé kí ló dé tó fi dára níjẹta. Bí mo bá dákẹ́, òjò á dé, omi ṣáláńgá á bá omi mímu, àrùn onígbá méjì á wọ àárín àwọn èèyàn tó ti sá fún ikú lẹ́ẹ̀kan. Mo ń rí Rúùtù lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Mo lọ sí ọ́fíìsì Ẹnjiníà kí omi tó gbẹ lẹ́sẹ̀ mi.

Inú bí i. Ó bi mí ní ìbéèrè náà gan-an. Mo sọ òtítọ́ fún un, mo ní n kò bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni. Ó ń yí bírò rẹ̀. Mo rò pé ó máa lé mi jáde. Ó ní àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ wọlé, pé kò sí ilẹ̀ tí kò ní àlébù, pé amọ̀ kì í tètè mu omi. Mo ní n kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé kó wá bá mi jẹ obì.

Ó wá ní ìrọ̀lẹ́ tòun ti bàtà tó ń dán. A gbẹ́ ihò náà dé ìbàdí, a da garawa méjì sí i, mo pa obì, mo fún un ní awẹ́ méjì. A jẹ ẹ́ tán. Omi kò lọ. Ẹnjiníà ṣì ń jiyàn. A fi pákó bo ihò kí ẹran má baà já sí i, a ní ká padà wá wò ó ní àárọ̀.

Nígbà tí a ṣí i ní àárọ̀, omi inú rẹ̀ ju èyí tí a dà sí i lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Èyí tí a dà kò lọ síbì kankan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tún wá bá a láti abẹ́ ilẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn gangan, nígbà tí kànga ìlú ń gbẹ. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí ihò, kò rántí bàtà rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Bí òjò bá wá dé ńkọ́?" Ó dìde, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. "Kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni tó máa sùn síbí."

Òun ló kọ ìwé kejì sí Adó. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwa méjèèjì la jọ ṣàṣìṣe. Kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Òkè Kòkó ni mo rántí. Ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ti máa ń sá kòkó láyé ọjọ́un. Wọn kò lè sá kòkó síbi tí omi ń dúró sí, oòrùn máa ń kan ibẹ̀, afẹ́fẹ́ sì wà. Mo gbẹ́ ihò, mo jẹ obì, awẹ́ mẹ́ta géérégé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ní onílẹ̀, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ olórí ẹbí wọn. Èmi àti Ẹnjiníà lọ bá a, mo kúnlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà kò tilẹ̀ wo Ẹnjiníà. Èmi ló kọjú sí, ó ní ọmọ ta ni mí.

Bàámi, mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti kíláàsì kẹrin. Mo ní, "Ọmọ Wolé-wolé ni mí." Mo sọ ọ́ sókè dé ibi pé àwọn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé yọjú.

Ó wò mí títí. Ó ní ẹ yọ òun lẹ́nu láyé yín. Ó ní ẹ mú kí òun dí kànga tí bàbá òun gbẹ́ nítorí pé ó sún mọ́ ṣáláńgá, pé òun gbé yín ṣépè, òun kò kí yín fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọdún tí onígbá méjì jà, a ò sin ẹnì kankan ní ulé yìí. Ẹ lọ kọ́ ulé sí i." Ṣé ẹ mọ̀ pé ó dárí jì yín? Ṣé ó sọ fún yín rí? Mo rò pé kò sọ.

Lọ́rì kò lè gun òkè náà, nítorí náà orí ni a fi ru gbogbo pákó. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wá, àwọn agbábọ́ọ̀lù pápá ìsàlẹ̀ wá, àwọn kan wá láti Ayédé àti Ìfàkì. Ẹnjiníà ru páànù, ẹ ò bá rí i, ó fi sálúbàtà gun òkè. Mo ní kí wọ́n má fún ilé mọ́ra wọn, kí iná ọ̀kan má baà ran èkejì. A gbẹ́ kànga sí apá òkè, mo fi ẹsẹ̀ ka ogójì ìṣísẹ̀ wá sísàlẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń kà á, kí n tó jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ́ kan ilẹ̀ fún ṣáláńgá. Àwọn obìnrin ló yan ojú ibi tó máa wà gan-an. Ìyá Rúùtù jókòó síbi tó fẹ́ máa dáná, ó ní kí n sún sọ́tùn-ún, kí n sún díẹ̀ sí i, títí ó fi ní òun ti ń rí mi. Ìkọ́ wà nínú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Omi ìwẹ̀ ń ṣàn lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbìn.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà. Mo wà lójú títì, mo sì rí pápá ìsàlẹ̀ tó di odò lójú mi. Òpó góòlù méjèèjì dúró sínú omi. Mo ronú kan àwọn ilé tí ìbá wà níbẹ̀, àti ìwé tí mo fọwọ́ sí lórí itan. Mo bẹ ọlọ́kadà kan, ó gbé mi dé ìdí òkè, mo fi ẹsẹ̀ gun ìyókù nínú òjò. Ìyá Alákàrà ti gbé agbada rẹ̀ lọ síbẹ̀ báyìí, ó ní òun kò lè fi àwọn ọmọ òun sílẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó gbàgbé, ó pariwo pé, "Wolé—", ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ àtẹ́rígbà dákẹ́ rọ́rọ́.

Rúùtù dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Ó wo kàkí mi tó ti rin gbingbin. Ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tí ìró Haúsá ṣì wà nínú rẹ̀ pariwo pé, "Jáde-jáde ti dé!"

Wọ́n sì jáde, Bàámi. Gbogbo wọn. Wọ́n bọ́ sínú òjò, wọ́n ń fò, wọ́n ń pè mí ní orúkọ tuntun yẹn, àwọn ìyá ń kígbe pé kí wọ́n má jẹ́ kí òtútù mú wọn, kò sì sí ẹni tó dá wọn lóhùn. Mo sunkún. Òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

N kò ní kí ẹ rò pé gbogbo nǹkan ti pé. Páànù ilé méjì ń jò. Ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ kan lóṣù tó kọjá, a fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ara rẹ̀ ti yá. Ẹlòmíràn ṣì máa ń jí ní òru kó sì máa pe ẹni tí kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n onígbá méjì kò tíì wọ òkè yẹn, ìdílé mẹ́rin ti kúrò lọ gba yàrá nínú ìlú, àwọn ọmọ ti ń lọ sí ilé-ìwé, wọ́n sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Rúùtù ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ kan lò. Kàkí tuntun ló kọ́kọ́ rán fún mi, ó sì rán àpò kékeré kan sí àyà rẹ̀ nínú. Mo bi í pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó ní obì ni.

Ọsàn ti pọ́n lórí yín níbí. Mo gbìyànjú láti bó ọ̀kan bí ẹ ṣe máa ń bó o, èèpo rẹ̀ já ní ẹ̀ẹ̀mejì. Báwo ni ẹ ṣe máa ń ṣe é gan-an?

Ó ku ìbéèrè kan. N kò ní mọ̀ láéláé bóyá ẹ gbọ́ mi lẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá gbọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí pẹ̀lú. Mo ń kà á sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́, Màmi sì ti tún yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń gbọ́. Ẹ̀yin ni bàbá mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, ọmọ Wolé-wolé,
Jáde-jáde.